Iṣẹ́ Tó Wà Lẹ́yìn Ipò: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìgbésí Ayé Jimmy Carter

Bíbélì kíkà: Míkà 6:6–8, Lúùkù 22:24–27, Orin Dáfídì 92:12–15

Ìdí ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé bí ipò bá tilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé lé wa lọ́wọ́ kò tíì tán.

  

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé èmi ni n ó kọ ẹ̀kọ́ inú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí, mo ronú púpọ̀ lórí ẹni tí n ó mú wá síwájú yín. A ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa Dèbórà, nípa Rúùtù, nípa Dọ́káàsì, àti nípa Susanna Wesley tó jẹ́ ìyá John Wesley. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin ni mo fẹ́ kí a wò. Ará Amẹ́ríkà ni, Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló sì ń lọ, kì í ṣe Mẹ́tọ́díìsì. Jimmy Carter ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni Ààrẹ kọkàndínlógójì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìdí mẹ́ta ni mo fi yàn án. Èkínní, ó wá sí Èkó wa yìí, ó sì jọ́sìn pẹ̀lú àwọn ará wa. Èkejì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ìyàwó rẹ̀ nígbà tó ń dàgbà, inú ilé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì ìlú wọn sì ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ọkùnrin yìí fìdí rẹmi nínú ìbò lójú gbogbo ayé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere tí a fi ń rántí rẹ̀ lónìí, lẹ́yìn tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Nígbàkúùgbà tí a bá yan olóyè tuntun nínú ẹgbẹ́, a máa ń pàdánù àwọn kan. Arábìnrin tó ti ń ṣe akápò láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní yọjú sí ìpàdé mọ́ bí wọ́n bá ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Òmíràn á ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Òmíràn á kó lọ sí ìjọ mìíràn. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí náà ti ṣe é rí, n ó sì sọ ọ́ kí ẹ̀kọ́ yìí tó parí.

ILÉ TÍ Ó TI WÁ

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Plains, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ẹ̀pà ni wọ́n sì ń gbìn jù. Nígbà tó wà ní kékeré, kò sí iná mànàmáná nínú ilé wọn, kò sì sí omi ẹ̀rọ. Lillian, ìyá rẹ̀, jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní àkókò yẹn, òfin àti àṣà Georgia ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aláwọ̀ funfun, ilé ẹ̀kọ́ wọn ọ̀tọ̀, ibi ìjókòó wọn ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n Lillian a máa tọ́jú àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú nígbà tí wọ́n bá ń ṣàìsàn. Ìyá yìí náà ni ó gbà láti lọ ṣiṣẹ́ ìfẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Peace Corps ní ọdún 1966, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 68. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé ẹ ti dàgbà jù, ẹ gbọ́ o!

Carter kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní ọdún 1946. Ọdún náà ni ó fẹ́ Rosalynn Smith, ọmọ ìlú Plains bíi tirẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Rosalynn nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, aṣọ rírán ni ìyá rẹ̀ sì fi tọ́ wọn, tí òun náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá Carter kú ní ọdún 1953, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó sì padà sílé láti wá mójú tó oko. Rosalynn kò fẹ́ padà sí Plains rárá, inú bí i gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun ló ń bójú tó ìwé owó iṣẹ́ wọn, òye owó náà sì yé e ju ọkọ rẹ̀ lọ.

Ní ìlú yẹn, àwọn aláwọ̀ funfun dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti rí i pé aláwọ̀ dúdú kò bá àwọn dọ́gba. Wọ́n ní kí Carter wọlé, ó kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní bá a ra ọjà mọ́, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní ọdún 1965, nígbà tí ìjọ rẹ̀ ń dìbò lórí pé kí wọ́n má ṣe gba aláwọ̀ dúdú wọlé wá jọ́sìn, òun àti ìdílé rẹ̀ wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó ní kí wọ́n gbà wọ́n. Ẹ ronú ohun tí ó ń náni láti dìde nínú ìjọ ara ẹni, níwájú àwọn tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, kí a sì sọ pé ohun tí gbogbo wọn ń ṣe kò dára.

ÌJÁKULẸ̀ ÀKỌ́KỌ́

Ó di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Georgia ní ọdún 1963. Ní ọdún 1966, ó du ipò gómìnà, kò sì wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Carter wo ẹ̀yìn. Ó yẹ ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ wò, ó sì bá àwọn ará ìjọ lọ sí ìpínlẹ̀ Pennsylvania àti Massachusetts, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti wàásù. Ọkùnrin tó fẹ́ jẹ́ gómìnà lánàá wá ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ní ọdún 1970 ó tún du ipò náà, ó sì wọlé. Ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1971, ó sọ gbangba pé àsìkò fífi àwọ̀ ara ya ènìyàn sọ́tọ̀ ti kọjá. Ní ọdún 1976 ó fìdí Ààrẹ Gerald Ford rẹmi nínú ìbò. Nígbà tó ń gba ipò ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 1977, Míkà orí kẹfà ẹsẹ kẹjọ ni ó tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ tí a kà lónìí. Òdodo, àánú àti ìrẹ̀lẹ̀, nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ni Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ wa níbẹ̀. Kò sí orúkọ oyè kankan nínú wọn.

NÍGBÀ TÍ Ó WÁ SÍ ÈKÓ

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978 ni Carter gúnlẹ̀ sí Èkó. Òun ni Ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ìbẹ̀wò ìjọba sí ilẹ̀ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló ń ṣe olórí ìjọba wa nígbà náà, òun ló sì gbà á lálejò. Carter sọ̀rọ̀ ní National Theatre ní Ìgànmú, èyí tí wọ́n ti fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè báyìí. Lára ohun tó sọ ni ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, àti pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Áfíríkà gba ìjọba ara wọn. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Àjíǹde ọdún náà, ó lọ jọ́sìn ní First Baptist Church, Èkó.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà náà. Mo rántí pé ìyá tó ń tọ́jú wa ní ilé ibùgbé gbé rédíò sí ojú fèrèsé kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohun tó yà wá lẹ́nu kì í ṣe bàálù rẹ̀ tàbí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ láàárín ara wa ni pé ẹni tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi ní ìlú onílùú, ó sì wá ilé Ọlọ́run lọ. Mélòó nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá lọ kí ọmọ lókè òkun?

NÍGBÀ TÍ IPÒ BỌ́

Carter ṣe ohun ńlá nígbà tó wà lórí oyè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, ó kó olórí Íjíbítì àti olórí Ísírẹ́lì jọ sí Camp David fún ọjọ́ 13, títí wọ́n fi gbà láti dẹ́kun ogun. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹta ọdún 1979, ogun kò sì tún wáyé láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì mọ́ láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ pọ̀. Ọjà gbówó lórí, epo bẹntiróòlù wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1979, wọ́n ya wọ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Ìránì, wọ́n sì mú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn 52 ni wọ́n dá dúró fún ọjọ́ 444. Carter rán àwọn ọmọ ogun láti lọ gbà wọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1980, iṣẹ́ náà kò yọrí, ọmọ ogun mẹ́jọ sì kú. Nígbà tí ìbò dé ní ọdún náà, Ronald Reagan ló borí ní ìpínlẹ̀ 44 nínú 50. Ọjọ́ tí Carter gbé ìjọba sílẹ̀ gan-an ni wọ́n tú àwọn òǹdè náà sílẹ̀, ọjọ́ tí ọlá rẹ̀ kò lè jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Ẹni ọdún 56 ni. Ó padà sí Plains, sínú ilé tí wọ́n ti ń gbé láti ọdún 1961. Nígbà tó wo ìwé iṣẹ́ ẹ̀pà rẹ̀, gbèsè ibẹ̀ ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là, ó sì ní láti tà á. Ipò lọ, iṣẹ́ lọ. Ìbéèrè tó dojú kọ ọ́ ni ó dojú kọ gbogbo ẹni tó bá fẹ̀yìntì: kí ni n ó fi ọjọ́ tó kù ṣe?

SÒBÌÀ

Ní ọdún 1982, òun àti Rosalynn dá Carter Center sílẹ̀ ní ìlú Atlanta. Láti ọdún 1986 ni ilé iṣẹ́ yìí ti gbógun ti sòbìà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo mọ sòbìà dáadáa.

Ní ọdún 1982 kan náà ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé kan ní agbègbè Ìbàràpá, ní ìhà Ìdèrè. Olùkọ́ tuntun ni mí, mo sì le koko mọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ. Ọmọ 34 ló wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ mi, ní ọjọ́ mìíràn n kì í rí ju 15 lọ. Mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá dé lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà tán, mo sì nà án ní pàṣán mẹ́ta. Kò sunkún. Nígbà tó ń lọ jókòó ni mo rí i pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó fi àkísà wé ọrùn ẹsẹ̀ náà, mo sì ní kí ó tú u. Sòbìà ni mo rí lójú egbò, ó funfun bí òwú, wọ́n sì ti wé e mọ́ igi kékeré kan kí ó má baà já. Láti abà tó jìnnà ni ọmọ yẹn ti wọ́ ẹsẹ̀ wá kàwé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bẹ ìyá rẹ̀. Orí ẹní ni mo bá òun náà, sòbìà mẹ́ta ti yọ lára rẹ̀, ó sì ní ọmọ ọwọ́. Kò bínú sí mi. Ohun tó sọ ni pé, "Olùkọ́, ẹ bá wa wá omi." N kò rí omi kankan wá fún wọn kí n tó kúrò níbẹ̀.

Fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni sòbìà ṣe ń ṣe. Kòkòrò tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí wà nínú omi adágún, ọmọ sòbìà sì wà nínú kòkòrò náà. Bí ènìyàn bá mu omi yẹn láìsẹ́ ẹ, ọmọ sòbìà á máa dàgbà nínú ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, títí yóò fi gùn tó bíi mítà kan. Lẹ́yìn náà ni yóò lu awọ ara jáde, pàápàá ní ẹsẹ̀, yóò sì máa ta ènìyàn bí iná. Bí ẹni náà bá ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, sòbìà á pọ ọmọ rẹ̀ sínú omi, gbogbo abúlé á sì tún mu ún. Kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ọ̀nà àtidènà rẹ̀ ni kí a fi aṣọ asẹ́ sẹ́ omi, kí ẹni tó ní egbò má wọ inú odò, kí a fi oògùn Abate pa kòkòrò inú adágún, kí a sì gbẹ́ kànga tó dára. Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí.

Ní ọdún 1988, Carter lọ sí abúlé kan ní ilẹ̀ Gánà. Ó rí obìnrin kan, ó sì rò pé ọmọ ló gbé mọ́ àyà. Nígbà tó sún mọ́ ọn, ó rí i pé ọmú rẹ̀ ló wú tó bẹ́ẹ̀, tí sòbìà sì ń yọ lórí ọmú náà. Ó sọ ìtàn obìnrin yẹn káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, nǹkan bíi 3,500,000 ènìyàn ni sòbìà ń yọ lẹ́nu lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè 21. Carter tọ àwọn olórí ìjọba lọ, ó tọrọ aṣọ asẹ́ àti oògùn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 1995, ó bẹ àwọn tó ń jagun ní ilẹ̀ Sudan, wọ́n sì dá ogun dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè wọ àwọn abúlé. Ní Nàìjíríà wa, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà wọ́n láti abúlé dé abúlé ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 ènìyàn tó ní sòbìà. Láti ọdún 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ẹni tí wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ òun náà rí, dara pọ̀ mọ́ Carter, ó sì ń lọ láti abúlé dé abúlé. Ẹni ìkẹyìn tó ní sòbìà ní ilẹ̀ wa, oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí i. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ní gbogbo ayé, àwọn ènìyàn tó ní in ní ọdún 2024 kò tó 20.

Kì í ṣe Carter nìkan ló ṣe é. Àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn ló ń ṣọ́ adágún, tí wọ́n ń pín aṣọ asẹ́, tí wọ́n ń wẹ egbò, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbò lé kúrò lórí oyè ló dúró tì wọ́n fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ó TÚN ṢE ÀWỌN OHUN WỌ̀NYÍ

Láti ọdún 1984, òun àti Rosalynn a máa ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti fi òòlù àti ayùn bá ẹgbẹ́ Habitat for Humanity kọ́ ilé fún àwọn tí kò nílé.

Kò fi ọ̀rẹ́ ṣe ẹ̀tàn. Ọbásanjọ́ tó gbà á lálejò ní ọdún 1978 di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ Ọbásanjọ́ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1995, Carter wà lára àwọn tó ké sí ìjọba pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí wá du ipò Ààrẹ ní oṣù kejì ọdún 1999, Carter wà lára àwọn alákìíyèsí ìbò. Ohun tó rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì kọ̀wé sí àjọ elétò ìdìbò pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èsì rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Carter kò ra èké nítorí ọ̀rẹ́.

Ní ọdún 2000, ó yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ àjọ ńlá àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n ní kí obìnrin máa tẹrí ba fún ọkọ, wọ́n sì ní kí obìnrin má ṣe olùṣọ́-àgùntàn. Ní ọdún 2002, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà Nobel. Síbẹ̀ ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ kékeré kan tó ń jẹ́ Maranatha ní Plains títí ó fi lé ní ẹni ọdún 90.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa Rosalynn, nítorí ó kan àwa ará Sábó. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí gbé dání jù lọ ni ti àwọn tí àrùn ọpọlọ ń ṣe, àti ti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Ó ní kí a má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà mọ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábà kò jìnnà sí wa, láti ọdún 1907 ló sì ti wà níbẹ̀. Àwa náà la tún ń fi ṣe àwàdà pé, "Ẹ gbé e lọ Yábà." Ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ arábìnrin tó jókòó tì ọ́ nínú ìpàdé, tí kò lè sọ ọ́ jáde nítorí ẹ̀rín wa.

Rosalynn sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2023, ní ẹni ọdún 96, lẹ́yìn ọdún 77 tí wọ́n ti jọ wà. Carter tẹ̀lé e ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2024, ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 2015 tí àrùn jẹjẹrẹ ṣe é, ó sọ pé ó wu òun kí sòbìà ìkẹyìn kú kí òun tó kú. Ó ku díẹ̀ péré.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Mo ṣèlérí pé n ó sọ tèmi. Lẹ́yìn tí mo ti ṣe akọ̀wé nínú ẹgbẹ́ kan fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n dìbò, wọ́n sì yan ẹlòmíràn tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mo rẹ́rìn-ín, mo kí i kú oríire, mo sì gbé ìwé fún un. Ṣùgbọ́n oṣù méje gbáko ni n kò fi dé ìpàdé. Mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Irọ́ ni. Ìgbéraga ló ń ru, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n ń tajà ní ọjà Sábó, ló wá kàn mí lára. Wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ oyè. Wọ́n fà Bíbélì jáde nínú àpò, wọ́n ní, "Tíṣà, láti ọjọ́ tí mo ti ra ìwé yìí, àwọn ọmọ ló ń kà á fún mi. Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà á kí n tó kú. Ẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, àbí?" Mo fẹ́ bínú sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. A bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà pẹ̀lú A, B, D. Nígbà tó yá, wọ́n mú ẹlòmíràn wá, àwọn obìnrin náà sì di mẹ́fà. Mo wá rántí ìyá tó wà lórí ẹní ní Ìbàràpá, tó ní kí n bá àwọn wá omi. N kò lè gbẹ́ kànga fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi ní Sábó, mo lè ṣe é, n kò sì nílò oyè akọ̀wé láti ṣe é.

Nítorí náà, arábìnrin mi, bí wọ́n bá ti yan ẹlòmíràn sí ipò rẹ, má ṣe fi ìjọ sílẹ̀. Wá ẹni tó ń bèèrè omi. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ọ̀pọ̀ ìyá ló wà tí kò mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Akápò àná, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ìwé owó sílẹ̀. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gba ọmọ kan kí ẹ kọ́ ọ láìgba owó. Jésù Olúwa wa fúnra rẹ̀ wà láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Lúùkù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú nǹkan mẹ́ta tí Míkà 6:8 sọ, èwo ló nira jù fún wa nínú ẹgbẹ́ yìí? Kí ló fà á?

2. Kí ni Carter ṣe lẹ́yìn tí kò wọlé ní ọdún 1966? Kí ni a rí kọ́ nínú rẹ̀ kí ìbò ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀ tó dé?

3. Ta ni arábìnrin tí a kò rí nínú ìpàdé mọ́ láti ìgbà tí ipò rẹ̀ ti bọ́? Ẹni mélòó nínú wa ló ti lọ sí ilé rẹ̀? Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò lọ kí i kí oṣù yìí tó parí.

4. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ bá ń du oyè nínú ìjọ, tí o sì rí i pé ohun tí wọ́n ṣe kò mọ́, kí ni wàá ṣe?

5. Báwo ni a ṣe lè ran ìdílé tí àrùn ọpọlọ wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ láìdójú tì wọ́n?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run wa, a dúpẹ́ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ tó ti sùn. Dárí jì wá níbi tí a ti fẹ́ràn oyè ju iṣẹ́ lọ. Fi ẹni tó ń bèèrè omi hàn wá, kí o sì fún wa ní okun láti fún un mu. Mú àwọn arábìnrin wa tó ti fà sẹ́yìn padà wá, kí o sì jẹ́ kí àwa náà lè so èso ní ọjọ́ ogbó wa, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.